Ẹ Má Fi Wá Sílẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Àwa ọmọ Yorùbá tí a dàgbà sí Wáàrì náà mọ̀ pé bí àlejò bá pe "Àgò o!", onílé a dáhùn "Àgò yà!" Wáífáì ilé-ẹ̀kọ́ wa kò mọ èyí. Fóònù a ké àgò títí, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ a sì máa lọ.

Ẹ̀bi náà lè má jẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Bí fóònù bá ti rí wáífáì, tí páásíwọ́ọ̀dù sì pé, ó ṣì gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà àdírẹ́sì. Bí a ṣe sábà máa ń to ráútà, nọ́ńbà náà kì í ju 254 lọ. Bí a bá yá ẹnì kan ní tirẹ̀ fún wákàtí 24, ó dà bí ẹni tó fi ìwé gba àga ní kíláàsì, tó wá lọ jẹ sítáàṣì àti ọbẹ̀ bánga ní Ẹ́fúrùn.

Ìlànà 802.11ai ti ọdún 2016 ń lépa kí ìwọlé má gbà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹ̀rọ tuntun. Dídín wákàtí 24 kù sí ẹyọ kan kò gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ, a ti sanwó. Ẹ jẹ́ kí a wọlé.