Ta ni Yóò Tọ́jú Olùtọ́jú?

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ń bọ́ ọmọ tí òkété ń mu ọmú rẹ̀?

Ẹ dé Ìlerò ní Òkè-Ògùn, ẹ ó rí ohun tí mo ń wí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti gba Ìbàdàn àti Èkó lọ. Obìnrin kan ṣoṣo, ọmọ tàbí ìyàwó ilé, ni ó sábà ń kù ti arúgbó. Òun ni yóò wẹ̀ fún wọn, òun ni yóò fọ aṣọ, òun náà ni yóò jí lóru. Igbó ń bo oko rẹ̀, ọjà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa tí a wà ní yunifásítì a fi owó ránṣẹ́, a sì rò pé a ti tọ́jú ìyá wa.

Ìjọba kò ṣàì gbìyànjú. Ní 2011, ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó aláìní tí wọ́n ti pé ọdún 65 ní ₦5,000 lóṣù. Ó dára, ṣùgbọ́n owó kì í wẹ̀ fún arúgbó. Ní 2012, wọ́n ṣí ibi ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Èyí náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà, báwo ni yóò ṣe ti Ìlerò dé Ìbàdàn?

Èrò tèmi ni pé kí ìtọ́jú wá bá arúgbó nílé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà máa rán nọ́ọ̀sì sí ojúlé, kí ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó sì kọ́ olùtọ́jú bí a ti ń yí aláìsàn padà lórí ibùsùn kí ara rẹ̀ má baà di egbò. Kí ìjọ, mọ́sáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yan ẹni tí yóò jókòó ti arúgbó lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, kí olùtọ́jú lè ná ọjà tàbí kí ó sùn.

Ẹlòmíràn yóò ní àṣà òyìnbó nìyẹn. Rárá o! N kò ní kí a kó àwọn òbí wa dà sí ilé arúgbó. Nínú agbo ilé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó ń tọ́jú àgbà. Ọwọ́ wọ̀nyẹn ni kí a wá padà, nítorí ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, bí ẹ bá kí màmá tán, ẹ yíjú sí ẹni tí ń tọ́jú wọn, kí ẹ sì bi í pé: “Ṣé ẹ rí oorun sùn?”