Ojú Tí Wọ́n Là Tí Ó Tún Ṣú

Ọ̀rọ̀ ojú ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Mo ń rí àwọn àgbà tí dókítà ti là lójú, tí wọ́n sì ti ń ka Bíbélì, tí wọ́n tún padà jókòó sílé bí afọ́jú, tí wọ́n ń wí pé iṣẹ́ dókítà ti bàjẹ́, tàbí pé ọwọ́ ayé ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí dókítà ṣe. Lẹ́yìn ọmọlójú wa ni dígí kékeré kan wà nínú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí dígí náà bá funfun bí omi ògì, kátáráàtì nìyẹn. Dókítà yóò kó o kúrò, yóò fi àpò sílẹ̀, yóò sì ti dígí àtọwọ́dá bọ inú rẹ̀. Dókítà Harold Ridley ni ó kọ́kọ́ fi irú dígí bẹ́ẹ̀ sójú ènìyàn, ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1949. Nígbà ogun Hitler, ó ti rí i pé èérún ike fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú tí ó wọ ojú àwọn awakọ̀ kò mú ojú wọn wú. (Ọkùnrin náà kì í ṣe àjèjì sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òní, lákòókò ogun náà.) Nínú àwọn dígí ìgbà náà, òmíràn yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, òmíràn sì wà tí wọ́n ní láti yọ.

Ti òde òní sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n àpò àbínibí ṣì wà níbẹ̀. Ohun tín-ín-tìn-ìn-tín tí ó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ lè máa hù bí ewédò lára ìkòkò omi, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tàbí ọdún díẹ̀. Dígí kò bàjẹ́ rárá. Aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ṣú. Ìmọ́lẹ̀ tí à ń pè ní lésà ni dókítà yóò fi dá ihò sí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, abẹ kò ní kan ojú, aláìsàn yóò sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Kí ó ṣáà padà lọ fún àyẹ̀wò, nítorí inú ojú lè le lẹ́yìn rẹ̀, awọ ẹ̀yìn ojú sì lè ṣí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Baba àgbà ọmọ iléèwé mi kan jókòó nínú òkùnkùn báyìí fún ọdún méjì. Àwọn ará ilé ti ránṣẹ́ pe ẹni tí ń fi abẹ́rẹ́ ti nǹkan inú ojú sẹ́yìn! Ìyẹn ì bá fọ́ ojú náà pátápátá. Baba ní, "Tíṣà, mi ò lówó abẹ mìíràn." Mo ní, "Baba, ẹ dákun, kì í ṣe abẹ." Ìgbà tí a tún pàdé, ìjà ni baba bá wá: ó ti yẹ ìwé ọmọ náà wò, ó ní gègé rẹ̀ kò dára!

Ṣùgbọ́n bí ojú bá pọ́n, tí ó ń ro ni, tí ìríran sì ń dín kù láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ti kòkòrò àrùn lè ni. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má sì kán omi ọmú, ìtọ̀ tàbí omi ewé sí i. Bákan náà ni bí ohun kan bá di méjì lójú yín, tàbí tí nǹkan bá ṣíji bo ojú bí aṣọ fèrèsé. Ẹ mú káàdì kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà dígí yín sí dání.