Ta Ló Ní Kí Wọ́n Wá Ka Ààrò Ilé Mi?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní kíláàsì ìtàn, a jiyàn títí aago fi lù, ọ̀rọ̀ ò sì parí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní owó orí tí ọba Gẹ̀ẹ́sì gbà lórí ààrò dáa, torí ẹni tó lówó ló máa ń ní ààrò púpọ̀. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ níbí.

Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ààrò tiwọn kì í ṣe òkúta mẹ́ta ní ẹ̀yìnkùlé bíi tiwa. Inú ilé ló wà, lára ògiri, pẹ̀lú ihò tí èéfín ń gbà jáde lórí òrùlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yáná, ibẹ̀ náà ni ẹbí ń kóra jọ sí lálẹ́. Abájọ tí hearth àti home fi máa ń rìn pọ̀ bí ìbejì lẹ́nu wọn. Kódà, focus tí olùkọ́ Físíìsì ń pariwo rẹ̀ sí wa létí, ààrò ni nínú èdè Látìn, kí Johannes Kepler tó mú un wọ inú ìṣirò ní 1604. Ẹ rántí ìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ya lẹ́ńsì o!

Ó dáa. Ní 1662, owó ń wọ́n ìjọba Ọba Charles Kejì. Wọ́n ṣòfin pé ṣílè 2 ni ààrò kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ìdajì nínú oṣù March, ìdajì nínú September. Wọ́n yọ àwọn tálákà kan sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ìjọba ṣe máa mọ iye ààrò tó wà nílé ẹni? Ihò èéfín kan lè wà fún ààrò méjì tàbí mẹ́ta, wọn ò lè dúró síta kà á. Àfi kí wọ́n wọlé. Àjòjì á kan ilẹ̀kùn, á wọ yàrá tí ìyá ọlọ́mọ ń sùn, á máa yọjú wo ibi iná! Àwọn kan tiẹ̀ di ààrò wọn pa kí owó lè dín kù. Ní 1664, òfin ní ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ọn á san ìlọ́po méjì.

Ní 1689, William àti Mary fagi lé e. Ìwé òfin náà fúnra rẹ̀ ló pè é ní àmì ẹrú lára gbogbo ìlú, nítorí ẹni téèyàn ò mọ̀ rí lè wọlé ẹni wá tú u wò. Kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ dé lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti lọ kàwé sí i, mo sì rí i pé wíwọlé nìkan kọ́ ni wàhálà. Ní 1696 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí fèrèsé, èyí téèyàn lè dúró síta kà. Kí làwọn èèyàn ṣe? Wọ́n fi bíríkì di fèrèsé wọn, wọ́n ń gbé nínú òkùnkùn. Títí di 1851 ni òfin yẹn fi wà. Nítorí náà mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ: kí ìjọba gba owó lórí ohun tí èèyàn ń jèrè, kì í ṣe lórí iná àti ìmọ́lẹ̀ tí kò lè ṣe kó má nìí. Ẹni tí òtútù ń pa tó tún ń fọwọ́ ara rẹ̀ di ààrò, ta ló jẹ èrè yẹn?

Ohun kan ni mo gbà fún ọ̀rẹ́ mi. Ìwé àwọn agbowó náà ṣì wà. Nínú rẹ̀ la ti mọ̀ pé Thomas Farriner, bérédì ni iṣẹ́ rẹ̀ ní Pudding Lane, ní ààrò márùn-ún àti ààrò bérédì kan, ní ọdún 1666 tí iná ilé rẹ̀ jó London. Èmi náà gbádùn ìyẹn gan-an. Kó fèsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àyè ṣì wà lápá òsì pátákó yìí.