Ta Ló Ní Ìbọn Yẹn Kéré?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ ná. Ìbọn kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Crickett. "Ìbọn Mi Àkọ́kọ́" ni wọ́n fi polówó ẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Wọ́n gé ìdí ẹ̀ kúrú kó lè bá èjìká ọmọ mu. Wọ́n kun òmíràn ní búlúù, wọ́n kun òmíràn ní píǹkì. Bàbá á wá máa yàn án fọ́mọ bí ẹni ń yan bàtà ọdún.

Wọ́n ní kékeré ni, ọta .22 kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Kí ló kéré níbẹ̀? Igi ìdí ẹ̀ ló kéré, ikú inú ẹ̀ ò kéré! Ní 2013, ní Kentucky, ọmọ ọdún 5 fi Crickett tí wọ́n fún un pa àbúrò ẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 2. Igun ilé ni wọ́n gbé e tì. Wọn ò mọ̀ pé ọta ṣẹ́ kù nínú ẹ̀.

Ẹnìkan á ní, "Ṣé àwọn baba wa ò kọ́mọ lọ́dẹ ni?" Wọ́n kọ́ ọ o! Àmọ́ àpò lọmọ ọdẹ kọ́kọ́ ń gbé, ẹ̀yìn ọ̀gá ló ń tọ̀. Ọmọ ló ń dàgbà bá ìbọn. Ìbọn kì í kéré wá bá ọmọ.

Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ti ẹ̀kọ, omi á ṣàn án. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò ńkọ́?