Èdè Wo Ni A Ó Fi Kọ́ Àwọn Ọmọ Ìdèrè ní Ọgbọ́n Ẹ̀rọ?

Ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn ọmọ ìlú ṣe ìpàdé lóde òní kí ẹnì kan má dìde wí pé ó tó àkókò kí a máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI, àti bí a ti ń ṣe róbọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ tí ń fi ojú ara rẹ̀ wo nǹkan tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́. Àbá náà dára. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti kéde ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nínú èyí tí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti ní àyè tí kò ní tẹ́lẹ̀ rí, tí a sì ka títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti títo ẹ̀rọ tí ń gba iná lára oòrùn, mọ́ àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọ lè kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Èmi kò dìde láti takò ó. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni èyí: ní èdè wo, lọ́wọ́ olùkọ́ wo, àti nípa nǹkan wo ni ọmọ Ìdèrè yóò ti kọ́ ọgbọ́n yìí? Bí a kò bá dáhùn rẹ̀ kí a tó ra ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ni a ó ní, a kì yóò ní ọgbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya ohun méjì tí àwọn ènìyàn ń dà pọ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni fífi ẹ̀rọ kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Èkejì ni kíkọ́ ọmọ ní bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣe é tí ó fi dà bí ẹni tí ń ronú. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ọdún 2024, Báńkì Àgbáyé àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó dán ti àkọ́kọ́ wò ní ìlú Benin. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti jáde, àwọn ọmọ girama jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń bá ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n sọ̀rọ̀, òun sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a dán wọn wò, wọ́n tayọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò sí nínú ètò náà. Mo yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n a kò fi àwọn ọmọ wọ̀nyí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ nìkan, olùkọ́ wà lórí wọn tí ń tọ́ wọn sọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́, wọn kò kọ́ bí a ti ṣe ẹ̀rọ tí ń kọ́ wọn. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń wọ ọkọ̀ kò tí ì mọ bí a ti ń tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

A kò sì ní láti lọ sí ọ̀nà jíjìn kí á tó rí àpẹẹrẹ bí ọgbọ́n àjèjì ti ń di ti ìlú. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Ìdèrè rí. Àwọn àgbà tí ó wà láyé lónìí kò tí ì gbàgbé sòbìà. Ẹni tí ó bá mu omi adágún tí kòkòrò tíntìntín tí ó gbé ọmọ aràn náà mì wà nínú rẹ̀, ara rẹ̀ yóò le fún bí ọdún kan, kí aràn náà tó wá yọ, pàápàá ní ẹsẹ̀. Àgbẹ̀ kò lè dìde lọ sí oko, ọmọ kò lè rìn dé ilé-ẹ̀kọ́. Bí ẹni tí ó ń ṣe bá sì ti ẹsẹ̀ náà bọ inú omi, ó ti gbin ti ọdún tí ń bọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo aládùúgbò rẹ̀.

Yunifásítì Ìbàdàn ti dá iṣẹ́ ìlera sílẹ̀ ní Ìgbóọrà láti ọdún 1963. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 wá, àwọn onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìlera láti yunifásítì náà, tí Joshua Adéníyì àti William Brieger wà lára wọn, bá àwọn ará Ìdèrè ṣiṣẹ́ lórí sòbìà. Wọ́n bá ìgbàgbọ́ kan níbẹ̀, pé sòbìà kò ti inú omi wá rárá, pé ó wà lára olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí iṣan ti wà. Ẹni tí ó gbà bẹ́ẹ̀, kí ni yóò fi asẹ́ omi ṣe? Bí a bá kó asẹ́ ẹgbẹ̀rún wá fún un, yóò fi bo ìkòkò ni. Nítorí náà kì í ṣe asẹ́ nìkan ni a gbé wọ ìlú. Àwọn ará ìlú àti àwọn ará abúlé oko ni a kọ́ ní iṣẹ́ ìlera, kí wọ́n lè fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé fún ẹbí àti aládùúgbò wọn. Aṣọ náílọ́ọ̀nù tí ihò rẹ̀ wẹ́, tí a fi ń sẹ́ omi, àwọn aránṣọ ìlú ni ó rán an. Àwọn tí a kọ́ níṣẹ́ wọ̀nyí ni ó sì ń tà á. Lẹ́yìn ìsapá púpọ̀ ní ibi púpọ̀, ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí sòbìà mú ní Nàìjíríà, ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ wa.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé ìmọ̀ náà gba ẹnu aládùúgbò wọlé, ó sì gba ọwọ́ aránṣọ. Yunifásítì mú un wá, ìlú sì sọ ọ́ di tirẹ̀ ní èdè tirẹ̀. Kí ni ìdí tí a ó fi rò pé ọgbọ́n àtọwọ́dá yóò gba ọ̀nà mìíràn?

Ẹ wo ẹ̀gẹ́. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ti IITA, tí ó ti fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn láti ọdún 1967, ṣe ẹ̀rọ kan tí ń gbé inú fóònù, tí wọ́n ń pè ní Nuru, èyí tí í ṣe ìmọ́lẹ̀ ní èdè Kiswahili. Bí àgbẹ̀ bá na fóònù sí ewé ẹ̀gẹ́, Nuru yóò sọ àrùn tí ó rò pé ó ń ṣe é, kò sì ní láti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó sọ ọ́. Báwo ni ó ti ṣe mọ̀? Ẹnikẹ́ni kò kọ òfin sílẹ̀ fún un pé ewé tí ó bá ká kò, tí ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń ṣàìsàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ewé ni a kó síwájú rẹ̀, àwọn tí ó mọ ẹ̀gẹ́ sì sọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí le, èyí ń ṣàìsàn. Ẹ̀rọ náà ń dá a bá, ó ń ṣì í, a ń tọ́ ọ, títí àṣìṣe rẹ̀ fi kéré. Bí bàbá ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní oko gan-an ni.

Èyí ni ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ lè kọ́ ogójì ọmọ ní Ìdèrè, tí wọn kì yóò sì fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí olúkúlùkù mú ewé ẹ̀gẹ́ mẹ́wàá wá láti oko ilé rẹ̀. Kí wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì, èyí tí ó le àti èyí tí ó ń ṣàìsàn. Wọn yóò jiyàn, ìjiyàn náà gan-an sì ni ẹ̀kọ́, nítorí wọn yóò rí i pé ọgbọ́n ẹ̀rọ kò jẹ́ ohun mìíràn ju ìdájọ́ àwọn ènìyàn tí ó kọ́ ọ, àti pé bí onídàájọ́ bá ṣì í, ẹ̀rọ yóò ṣì í pẹ̀lú. Kí olùkọ́ wá béèrè pé: bí ó bá jẹ́ oko ẹnìkan ṣoṣo ni a ti já gbogbo ewé yìí, ǹjẹ́ ẹ̀rọ yóò mọ ti oko Ayétẹ̀ tàbí ti Tápà? Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ya àwòrán wọn, kí wọ́n sì fi wọ́n kọ́ ẹ̀rọ. Google ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Teachable Machine, tí a kì í sanwó lò. Ọmọ tí ó ti ṣe èyí rí kì yóò bẹ̀rù AI, kì yóò sì máa bọ ọ́ bí òrìṣà.

Ní ti róbọ́ọ̀tì, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni í jẹ́: ohun tí ń mọ̀ ọ́n lára, ohun tí ń pinnu, àti ohun tí ń ṣe é. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń jẹ́ Arduino, tí wọ́n ṣe ní Ítálì ní ọdún 2005 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ló sì láṣẹ láti ṣe irú rẹ̀. Òun lè ṣe ìpinnu. Ohun tí ń mọ bí ilẹ̀ bá gbẹ lè wà ní ìdí ata. Mọ́tò tí a tú lára ẹ̀rọ àtijọ́ lè fa omi. Ẹni tí ń tún fóònù ṣe ní ọjà àti jórinjórin tí ń jó ilẹ̀kùn mọ ìdajì iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Ẹ pè wọ́n wá sí ilé-ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ní Ìbàdàn, Ọ̀mọ̀wé Olúṣọlá Ayọ̀ọlá ti dá ibi kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RAIN, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní irú iṣẹ́ yìí. Kí a rán olùkọ́ wa lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, “Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ẹ̀rọ, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè ìdánwò.” Ìjọba pàápàá ti gbè wọ́n. Ìlànà tí a fi ọwọ́ sí ní ọdún 2022, pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Túnjí Aláùsá, kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 pé a ti fagi lé e. Ó dùn mí, nítorí pé ilẹ̀ wa ni a ti rí ẹ̀rí tí ó lòdì sí i. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo, títí kan ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà. Wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. N kò wí pé kí a má kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kí ọmọ kọ́kọ́ lóye ohun náà, kí ó tó kọ́ orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn ń pè é.

Èdè wa pẹ̀lú wà nínú ewu níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó bá ka “igba” láìsí àmì ohùn, ṣé igbá tí a fi ń bu omi ni, àbí ìgbà tí ń kọjá, àbí igba owó? Àwọn ọmọ wa kan ti ń ṣe iṣẹ́ yìí: Kọ́lá Túbọ̀sún ti gbé àkójọ orúkọ Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tí ń jẹ́ Masakhane sì ti ń fi èdè wa kọ́ ẹ̀rọ láti ọdún 2019. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ohùn Ìbàràpá sí i? Ọmọ girama tí ó gba ohùn ìyá àgbà rẹ̀ sílẹ̀, tí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àmì tí ó tọ́, ó ti kọ́ èdè, ó sì ti kọ́ ẹ̀rọ.

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa yangàn pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á dín in kù. Òtítọ́ ni pé àmì kan tàbí àmì méjì, tí a tẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ, fún wa ní odù 256, àti pé irú ìṣirò oníméjì-méjì bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń lò. Ó dára fún olùkọ́ láti fi kọ́ ọmọ. Yíyangàn kò tí ì jó wáyà kan mọ́ wáyà kejì.

Ẹ̀yin Ìjòyè, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ mi parí sí. Mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan rí níbi tí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ ìlú fi ta ìlú lọ́rẹ wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá, eruku sì bò ó. Orúkọ olùfúnni wà lára ògiri pẹ̀lú ọ̀dà wúrà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ọrẹ fún Ìdèrè ní àkókò yìí, kí ó san owó oṣù olùkọ́ kan fún ọdún mẹ́ta, kí ó sì fi iná oòrùn sí yàrá kan. Kí a tó tún pàdé, mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìdèrè, kí wọ́n sì mú èsì wá: yàrá kọ̀ǹpútà mélòó ni ó wà, mélòó ni ó ní iná, àti ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wọn wà?