Ẹgbẹ́ Olórin Kì Í Bá Akọrin Wọ Sàréè

Ọ̀rọ̀ kan ti di àgbọ́túngbọ́ lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ orin àtijọ́ láàrin wa, ó sì yẹ kí ẹnìkan dìde kó dá a lóhùn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé Orchestra Baobab ti Dakar ń lọ káàkiri ayé láti ṣeré, tàbí pé Poly-Rythmo ti Kútọnu tún fẹ́ gun orí ìtàgé, kíá ni wọ́n á yọ ṣùtì: "Èwo ni Baobab níbẹ̀? Ṣé àwọn tó ni orin náà kò ti kú ni?" Wọ́n ní ẹni tí kì í bá ṣe òun ló kọ́kọ́ kọ orin náà, adàmọ̀dì ni. Wọ́n ní ó sàn kí ẹgbẹ́ tú ká ju kó fi arọ́pò bo aráyé lójú lọ. Èmi ní irọ́ ni, irọ́ tó sì ń pa àṣà ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Baobab, nítorí ọ̀ràn ilé ni fún àwa ará Tógò. Ní 1970 ni ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ní ilé ìgbafẹ́ kan ní Dakar tí wọ́n ń pè ní Baobab Club. Ẹni tí gìtá rẹ̀ sọ wọ́n di àràbà láàrin àwọn olórin ni Barthélemy Attisso, ọmọ Tógò tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Ohùn tó gbajúmọ̀ jù lọ láàrin wọn nígbà náà ni ti Laye Mboup, arọ́kin tó ń kọrin ní èdè Wolof. Jàǹbá ọkọ̀ pa á ní 1974. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni àwọn alátakò wa ń sọ, ọdún náà gan-an ló yẹ kí Baobab kú. Kò kú. Thione Seck, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, gba orin náà sọ, àwọn akọrin yòókù sì dúró tì í. Àwo Pirates Choice tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní òkè òkun fi mọ Baobab, 1982 ni wọ́n gbà á sílẹ̀, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú Mboup. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ìka ju sí "Baobab gidi" ti ìgbà àtijọ́, Baobab àwọn arọ́pò ló ń yìn, tí kò sì mọ̀.

Ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà tú ká ní ìgbà tí ọdún 1980 ń lọ sópin. Attisso padà sí Lomé, ó ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ó gbé gìtá kọ́ ògiri. Ní 2001 ni wọ́n tún kó ara wọn jọ. Nígbà tí Ndiouga Dieng, ọ̀kan nínú àwọn akọrin àgbà wọn, kú ní 2016, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àwo tí wọ́n gbé jáde ní 2017, Alpha Dieng ọmọ rẹ̀ sì wá ń kọrin nínú ẹgbẹ́ náà. Attisso kò sí nínú àwo yẹn. René Sowatche, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, ló gba ipò rẹ̀ nídìí gìtá. Ọmọ Benin gba gìtá lọ́wọ́ ọmọ Tógò nínú ẹgbẹ́ àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gàl. Attisso fúnra rẹ̀ ti di olóògbé láti 2021. Ṣé kí wọ́n wá sọ gìtá sínú kòtò pẹ̀lú rẹ̀ ni?

Wọn yóò ní: "Ohùn ènìyàn ni ènìyàn. Ìka ọwọ́ ṣeé fi kọ́ ẹlòmíràn, ọ̀fun kò ṣeé fi jogún." Mo gbà pé ohùn méjì kì í bára mu. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí arọ́pò sín olóògbé jẹ? Arọ́pò tó ń sín olóògbé jẹ ni adàmọ̀dì. Èyí tó mú ohùn tirẹ̀ wá sínú iṣẹ́ àjọni, òun ni a ń pè ní àrólé. Ẹ wo Gnonnas Pedro, ọmọ Benin tí gbogbo wa mọ̀, tó kọrin ní èdè Yorùbá pẹ̀lú àwọn èdè mìíràn. Lẹ́yìn tí Pape Seck, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi ohùn wọn dá Africando sílẹ̀, kú ní 1995, Gnonnas Pedro ni wọ́n pè. Kò fi ohùn ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl kọrin. Ohùn tí a ti mọ̀ mọ́ ọn nílé ló gbé lọ bá wọn, ó sì wà pẹ̀lú wọn títí tó fi kú ní 2004. Mélòó nínú àwọn tó ń bú arọ́pò lónìí ló ń rántí pé arọ́pò ni Pedro nínú ẹgbẹ́ yẹn?

Bákan náà ló rí ní Èkó. Nígbà tí Fẹlá kú ní 1997, ọmọ ọdún 14 ni Ṣeun ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà Egypt 80 kò ní kí ọmọ kékeré kúrò níwájú àwọn. Lekan Animashaun tó ti ń bá Fẹlá bọ̀ látìgbà Koola Lobitos wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì ń ṣeré dòní. Àwọn òyìnbó olórin rọ́ọ̀kì náà ti ja ìjà yìí. Bon Scott tó ń kọrin fún AC/DC kú ní oṣù kejì ọdún 1980. Wọ́n mú Brian Johnson, nígbà tó sì fi di oṣù keje ọdún kan náà, Back in Black ti jáde, ọ̀kan nínú àwọn àwo tó tà jù lọ láyé. Àwọn baba wa kò sì nílò òyìnbó kó tó sọ ọ́: iná kú, ó fi eérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.

N kò sọ pé gbogbo arọ́pò ló dára. Àwọn alátakò wa ní ẹ̀tọ́ lórí ohun kan: ẹ̀tàn wà nínú òwò yìí. Agbátẹrù tó bá lẹ àwòrán olóògbé mọ́ ògiri láti fi pe èrò, tí kò sọ ẹni tí yóò gbé ohùn sókè lórí ìtàgé, olè ni. Àwọn tó ṣẹ́kù nínú ẹgbẹ́ Queen fi àpẹẹrẹ rere lélẹ̀ nínú èyí. Freddie Mercury kú ní 1991. Nígbà tí wọ́n wá ń bá Adam Lambert ṣeré, orúkọ Lambert wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ lójú pátákó. Ẹni tó bá san owó ìwọlé mọ ohun tó rà.

Ìjà orúkọ àti owó tún wà. Franco Luambo kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1989. Àwọn olórin OK Jazz ṣì ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ Simaro Lutumba, títí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn àti ẹbí Franco. Nígbà tó fi máa di 1994, wọ́n ti fi orúkọ náà sílẹ̀, wọ́n sì ń jẹ́ Bana OK. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe arọ́pò ló fọ́ OK Jazz. Ohun tó fọ́ ọ ni pé wọn kò rí ibi fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó ni orúkọ àti bí wọn yóò ṣe pín èrè. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó tọ́ ká máa béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó bá gbé akọrin tuntun síwájú: kó jẹ́ ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn tàbí tó mọ iṣẹ́ náà dénú, kí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún aráyé, kí ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá orin sì máa dé ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, kí ẹlẹ́nu mú ẹnu rẹ̀ dání.

Kí ló wá kan àwa ní Atakpamé nínú gbogbo èyí? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwa náà ní ẹgbẹ́ onílù àti ẹgbẹ́ olórin ìsìnkú ní àdúgbò àti ní abúlé. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń dá orin, àwọn yòókù ń gbè é. Ọjọ́ tí ẹni yẹn bá kú, wọ́n á kó ìlù wọ yàrá. Bí ọ̀dọ́ kan bá dìde tó ní òun mọ orin náà, wọ́n á wò ó láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n á ní: "Ìwọ wo? Ìwọ lo wá fẹ́ dá orin bàbá?" Ọmọ náà á jókòó. Ọdún díẹ̀ sí i, kò ní sẹ́ni tó rántí ọ̀rọ̀ inú orin náà mọ́, a ó sì wá máa sunkún pé àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ àṣà. Ta ló lé wọn?

Bẹ́ẹ̀, a mọ ọ̀nà tó tọ́, nítorí à ń tọ̀ ọ́ nínú ohun mìíràn. Ẹni tó ń gun igi gíga nínú ijó tchébé lónìí kọ́ ló gùn ún nígbà àwọn baba ńlá wa, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pè é ní adàmọ̀dì. Orí igi kúkúrú ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ, kó tó dé orí èyí tó ga. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò ní 2001, arọ́pò ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa láti ìran dé ìran. Kí ló dé tí a gbà fún ẹsẹ̀ ohun tí a kò gbà fún ọ̀fun?

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ yan ẹnìkejì tí yóò máa dá orin nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè tó lè tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yín lọ bá àwọn àgbà olórin ní ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin náà ní èdè wa, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ orin náà títí ẹ ó fi lè kọ ọ́ lójú àwọn tó ni ín. Bí ẹnìkan bá wá bi yín pé ta ló fún yín láṣẹ, ẹ bi òun náà pé orin mélòó ló mọ̀ parí.