Ṣakabùlà Ni Ìbọn Ọdẹ, Ìbọn Inú Àpò Kọ́

Bí àgbà ọdẹ bá kú ní àwọn abúlé tí ó yí Ìjàyè ká, ìró ìbọn ni ó máa ń kéde rẹ̀ fún ẹni tí ó wà lóko. Ẹni tí ó ń kọ ebè lọ́wọ́ yóò dá ọkọ́ dúró, yóò tẹ́tí sí ìró náà, yóò sì mọ̀ pé ẹni ńlá kan ti sùn. Ìbọn tí ó ń dún bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ṣakabùlà ni, ó gùn, ó wúwo, èjìká ni a sì ń gbé e kọ́. Ṣùgbọ́n ìbọn mìíràn ti ń yọjú síbi ìnáwó báyìí, inú àpò ṣòkòtò ni ó sì ti ń jáde. Kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ọmọdé lè wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mú un wá yóò gbé e sókè, yóò yìn ín, èrò yóò ta gìrì, lẹ́yìn náà wọn yóò bú sẹ́rìn-ín. Bí àgbàlagbà kan bá bá a wí, èsì tí yóò fọ̀ ni pé, “Bàbá, ẹ má bínú, ṣebí àṣà wa ni ìbọn yíyìn.”

Èsì náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́.

Ẹ wo bí ọdẹ ṣe ń ṣe ìbọn tirẹ̀. Yóò da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, yóò fi nǹkan dí i, yóò sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ti ìnáwó, kò ní í fi ọta sí i. Ẹ̀tù nìkan ni. Yóò yà kúrò láàrin èrò, yóò kọ ẹnu ìbọn sókè, kí ó tó yìn ín. Bí ó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, àfi kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀tù kí ó tó lè dún mọ́. Gbogbo èyí ń gba àkókò, ojú gbogbo ènìyàn ni ó sì ti ń ṣe é. Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ ọkùnrin tí ó ń ki ìbọn lójú agbo, kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́. Ìfalẹ̀ tí ó wà nínú ṣakabùlà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ni ààbò tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ṣakabùlà pàápàá, òyìnbó ni ó kó o dé. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn oníṣòwò ará Denmark wà lára àwọn tí ó kó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wá sí etí òkun, orúkọ wọn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fi ń pè é títí di òní. Ìjàyè mọ ohun tí ìbọn lè ṣe ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀ láti gba Adélù, ọmọ Àtìbà, ní ọba. Ní ọdún 1860 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìjàyè àti Ìbàdàn. Kúrunmí kú ní ọdún 1861, ìlú náà sì fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862. Ilẹ̀ tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí a ti máa fi ìbọn ṣe ẹ̀fẹ̀.

Kì í ṣe ibi tí nǹkan ti wá ni ó ń sọ ọ́ di àṣà. Ìlànà tí a fi yí i ká ni. Ìbọn àjèjì di ìbọn ọdẹ nígbà tí ẹgbẹ́ ọdẹ gbà á sábẹ́ Ògún, tí ó ní Olúọ̀dẹ tí ń pàṣẹ lé e lórí, tí èèwọ̀ wà fún un, tí a sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dún àti ìgbà tí kò yẹ. Ta wá ni olórí àwọn oníbọn inú àpò? Ta ni ó búra níwájú rẹ̀?

Ilé ibi tí irú ìbọn kékeré bẹ́ẹ̀ ti gbajúmọ̀ ni Amẹ́ríkà. Henry Deringer, alágbẹ̀dẹ ìbọn ní ìlú Philadelphia, ni orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lára. Gígùn irú èyí tí John Wilkes Booth fi pa Ààrẹ Abraham Lincoln ní oṣù kẹrin ọdún 1865 kò ju nǹkan bí íǹṣì 6 lọ. Booth gbé e wọ ilé eré, ẹnikẹ́ni kò fura, ó sì dé ẹ̀yìn Ààrẹ. Iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ ṣe ìbọn kúkúrú náà nìyẹn: kí a má baà rí i. Lónìí, àwọn ará Amẹ́ríkà kan ń rà á bí ohun ìṣeré. Wọ́n tilẹ̀ ń ṣe èyí tí ó ń gba ọta tí a kọ́kọ́ ṣe fún ìbọn gígùn àwọn ọmọ ogun wọn ní ọdún 1873. Ẹ̀tù rẹ̀ kì í jó tán nínú ọ̀pá kúkúrú bẹ́ẹ̀. Ìta ni ìyókù ti ń jó, ìyẹn ni ó ń fa iná ńlá àti ariwo ńlá. Ìbọn náà kò wúwo tó láti gba agbára ọta náà mọ́ra, nítorí náà ọwọ́ ẹni tí ó yìn ín ni ó ń jìyà rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ olówó ni, pápá tí a yà sọ́tọ̀ sì wà tí wọ́n ti ń ṣe é.

Tiwa kì í ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ. Páìpù ni ẹlòmíràn ń gé, tí yóò fi ìdè dè mọ́ igi. A kò dán irin náà wò, a kò sì ṣe é fún ẹ̀tù. Ọjọ́ tí ó bá fọ́, ìka ni yóò kọ́kọ́ bá a lọ. Òfin sì ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí tipẹ́. Òfin ìbọn Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959, ya ṣakabùlà sí ọ̀tọ̀, ó sì to ìbọn ìléwọ́ mọ́ ìbọn arọ̀jò ọta àti bọ́ǹbù, lára àwọn èyí tí a kà léèwọ̀. Kò yọ èyí tí a ń fi òkúta ṣáná tàbí èyí tí ó dà bí ti ayé àtijọ́ sílẹ̀. Àṣẹ Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè jẹ́ kí ènìyàn ní i. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ lójú agbo ti fi ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, bí ọlọ́pàá bá wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fi ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀rù ń ba àgbẹ̀ ní ọ̀nà oko lóde òní. Àwọn ajínigbé wà, àwọn tí ń da màlúù sínú oko olóko náà wà, ènìyàn kò sì lè bá ẹni tí ń wá ohun tí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ìbọn kúkúrú tí a ń yìn lẹ́ẹ̀kan, tí ọta rẹ̀ kì í lọ tààrà, kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ agbo ọlọ́ṣà. Àwọn ọdẹ tí ó ń rìn pọ̀, tí Baálẹ̀ mọ̀, tí ọlọ́pàá mọ̀, ni ó ti ń ṣọ́ igbó Ìjàyè. Bí ọ̀dọ́ kan bá fẹ́ràn ìbọn, kí ó lọ bá Olúọ̀dẹ, kí ó kọ́ iṣẹ́, kí ó gba ìwé àṣẹ.

Ní ti ìnáwó, iṣẹ́ náà kò pọ̀. Kí agbo tó kún, kí Olúọ̀dẹ pe àwọn tí yóò yin ìbọn síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a rí ìbọn tí ó wà léjìká wọn. Ẹni tí a kò rí ìbọn léjìká rẹ̀, tí ìró sì ti apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde, kí àwọn àgbà mú un kúrò láàrin èrò kí àwọn onílù tó tún lùlù.